Ọjọ́ Tí Mo Dá Àdúrà Dúró Nítorí Bọ́gà

Ọjọ́ tí mo já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ àgbàlagbà lẹ́nu, níbi tó ti ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀, kò ní tán lọ́kàn mi bí mo tilẹ̀ gbé ọgọ́rùn-ún ọdún láyé. Inú ṣì ń bí mi bí mo ti ń kọ ọ́ yìí. Níbẹ̀rẹ̀, àwọn ni mo ń bínú sí. Nígbà tó yá, mo bínú sí ara mi. Lónìí, mo ti pín ìbínú náà sí méjì: ìdajì tèmi, ìdajì tiwọn. Bí ẹnikẹ́ni bá sì ní kí n gbé gbogbo rẹ̀ rù, mo ṣe tán láti bẹ̀rẹ̀ ìjà tuntun.

Kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ iṣẹ́ tí mo ń ṣe. Mo ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Kàbà, kò jìnnà síbi tí àwọn ọkọ̀ tó ń lọ Lọ́kọ́ja ti ń kó èrò. Sáńwíìṣì àti àwọn ìbátan rẹ̀ ni mo ń tà. Ẹnì kan ò kọ́ mi. Orí fóònù ni mo ti kọ́ ọ, mo sì ba búrẹ́dì púpọ̀ jẹ́ kí ọwọ́ mi tó tó o. Ṣùgbọ́n lónìí, bí ẹ bá jí mi lójú oorun, màá sọ ìyàtọ̀ wọn fún yín kí n tó béèrè ta ni yín. Sáńwíìṣì ni búrẹ́dì pẹlẹbẹ méjì tí nǹkan wà láàárín wọn. Orúkọ ìlú kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, tí ìjòyè kan fi ń jẹ oyè. Wọ́n ní ọkùnrin náà ò fẹ́ dìde nídìí káàdì tó ń ta, ló bá ní kí wọ́n fi búrẹ́dì bo ẹran wá fún òun. Bí búrẹ́dì bá di mẹ́ta, tí nǹkan sì wà láàárín wọn lọ́nà méjì, ó ti di kílọ́ọ̀bù. Búrẹ́dì tí iná bá yan títí tó fi pọ́n, tósìtì nìyẹn, ì báà má sí nǹkan kan nínú rẹ̀. Bọ́gà ní tirẹ̀, búrẹ́dì roboto ni, ẹran lílọ̀ tí a tẹ̀ pẹlẹbẹ tí a sì dín ló gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀. Àwọn kan ń pè é ní hámúbọ́gà, wọ́n sì rò pé ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ni nítorí "hámù" tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ náà. Irọ́ ni. Ìlú kan ní Jámánì ló ni orúkọ náà, màlúù ló sì ni ẹran. Ní ti ṣàwámà, búrẹ́dì fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, tí a ká bí ẹní.

Ṣé ó le? Kò le rárá. Síbẹ̀, ojoojúmọ́ tí Ọlọ́run dá, ẹnì kan á dúró níwájú gíláàsì mi, á na ìka sí bọ́gà, á ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ fún mi ní búrẹ́dì yẹn." Búrẹ́dì! Bí ìgbà tí èèyàn rí màlúù tó pè é ní awọ. Mo wá pátákó, mo ya àwòrán márààrún síbẹ̀, mo kọ orúkọ sábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo gbé e kọ́ sára ògiri. Ìyá kan wọlé, ó kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó mi orí, ó ní, "Ẹ kú làákàyè o. Ẹ fún mi ní búrẹ́dì ẹlẹ́yin." Inú bí mi débi pé mo jáde lọ dúró lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù, mo ń bá ògiri sọ̀rọ̀.

Dúpẹ́ ni ẹni àkọ́kọ́ tó wọlé tó sì ní, "Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kílọ́ọ̀bù kan." Olùkọ́ ni, ó ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké nítòsí wa. Mo wò ó lójú, mo ní báwo ló ṣe mọ̀ ọ́n. Ó ní, "Ṣebí ẹ kọ ọ́ sára ògiri." Ọjọ́ yẹn gan-an ni mo ti mọ̀ pé màá fẹ́ ẹ.

Ará Iyamoye, ìlú kan nítòsí Kàbà, ni ìdílé rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, oko iṣu ló gbájú mọ́. Nígbà tí mo lọ sọ ohun tó wà lọ́kàn mi fún un, ó gbọ́ mi tán, ó ní nǹkan kan ṣoṣo lòun ń fẹ́.

"Láyé tiwa, bí èèyàn bá ń fẹ́ ọmọ ẹni, á kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá ṣe ọ̀wẹ̀ lóko àna, wọ́n á kọ ebè. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí, fóònù lẹ fi ń ṣe gbogbo nǹkan. Kó àwọn ọ̀rẹ́ rẹ wá. Igba ebè ni mo fẹ́, kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀." Ó wá rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi á wà níbẹ̀. Bó bá ní ó dára, a ó dá ọjọ́ ìgbéyàwó. Bó bá ní kò dára, èmi ò lẹ́nu níbẹ̀ mọ́."

Ẹ̀gbọ́n yìí ni gbogbo ilé ń pè ní Bàbá Àgbà. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Dúpẹ́ ló sọ àṣà ilé wọn fún mi. Nínú ẹbí tiwọn, ẹnì kan kì í fọwọ́ kan oúnjẹ ọ̀wẹ̀ títí àgbà ilé á fi gbàdúrà sí i. Àdúrà náà kì í sì í ṣe ti wàràwàrà. Àgbà á mú díẹ̀ lọ́wọ́ nínú oúnjẹ náà, á dárúkọ rẹ̀, á fi súre fún ẹni tó gbé e wá, lẹ́yìn náà ni gbogbo èèyàn á ṣe àmín. Láìsí àmín, oúnjẹ á wà níbẹ̀ títí yóò fi tutù.

Ìyá Dúpẹ́ ti ní òun á gún iyán fún àwọn tó ń bọ̀ wá kọ ebè. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ kọsẹ̀.

"Ẹ má ṣe wàhálà, Màmá," mo ní. "Ẹ má fọwọ́ kan odó. Èmi fúnra mi ni màá bọ́ wọn."

"Kí lo fẹ́ fi bọ́ wọn?"

"Sáńwíìṣì ni, Màmá. Àti bọ́gà. Àti kílọ́ọ̀bù díẹ̀."

Màmá wò mí títí. "Ọ̀wẹ̀ láìsí iyán? Ọmọ mi, ṣé ìpápánu ni wọ́n máa jẹ kọ ebè?"

Ìpápánu! Mo ti la ẹnu tán kí Dúpẹ́ tó tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Mo pa ẹnu dé, ṣùgbọ́n nígbà tí a jáde síta, mo tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ fún un. Mo ní ẹ̀pà ni ìpápánu, gúgúrú ni ìpápánu, ohun tí èèyàn fi ń dá ẹnu lára yá ni ìpápánu. Ṣùgbọ́n bọ́gà ní ẹran, ó ní ẹ̀fọ́, ó ní tòmátò, ó ní búrẹ́dì. Kí ló kù tí oúnjẹ ní tí kò ní? Dúpẹ́ jẹ́ kí n sọ ọ́ tán.

"Mo gbọ́," ó ní. "Ṣé wàá ṣe nǹkan kan fún mi? Lọ́jọ́ ọ̀wẹ̀ yẹn, bí wọ́n bá pè é ní búrẹ́dì, jẹ́ kó jẹ́ búrẹ́dì. Ọjọ́ kan péré."

Mo ṣèlérí. Mo tilẹ̀ gbé ọwọ́ lé àyà.

Nígbà tí Sátidé ọ̀wẹ̀ náà dé, ìdájí ni mo ti dìde. Mo se ogójì ẹyin, mo bó wọn, mo rún wọn mọ́ máyonéèsì pẹ̀lú ata gígún díẹ̀. Mo gé kùkúḿbà tó fẹ́lẹ́ débi pé ẹ lè fi ka ìwé. Mo dín ẹran bọ́gà, mo jẹ́ kó tutù dáadáa kí ooru rẹ̀ má baà rin búrẹ́dì. Mo gé etí búrẹ́dì sáńwíìṣì kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo fi bébà pọ́n gbogbo wọn, mo wá lẹ ìwé pélébé mọ́ ara ọ̀kọ̀ọ̀kan: sáńwíìṣì ẹlẹ́yin, kílọ́ọ̀bù, bọ́gà. Mo da yìnyín sí ìsàlẹ̀ kúùlà ńlá, mo tẹ́ náílọ́ọ̀nù lé e, mo sì to gbogbo rẹ̀ bí ẹni ń to ìwé sí ilé ìkàwé. Mo dúró, mo wò ó. Ó dùn mọ́ mi. Mo sọ lọ́kàn mi pé lónìí, ìdílé yìí á mọ ìyàtọ̀.

Àwọn ọ̀rẹ́ mi mẹ́sàn-án bá mi lọ. Ṣẹ́yẹ, káfíńtà kan tí ẹnu rẹ̀ mú ju ayùn rẹ̀ lọ, ni aṣáájú wọn. Láti Kàbà dé Iyamoye, kò síyọnu. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ kì í dé oko Bàbá Dúpẹ́. Àwọn yòókù fẹsẹ̀ rìn, èmi gun ọ̀kadà nítorí kúùlà. Ọlọ́kadà fi rọ́bà so ó mọ́ ẹ̀yìn. Mo ní kó rọra. Mo tún ní kó rọra.

"Ọ̀gá, ẹ fọkàn balẹ̀," ó ní. "Mo ti fi ọ̀kadà yìí gbé ewúrẹ́ méjì pẹ̀lú ìyá arúgbó lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí èyí tó ráhùn nínú wọn."

Níbi tí omi kékeré kan ti gba ojú ọ̀nà kọjá, ọ̀kadà fò, rọ́bà já, kúùlà bọ́ sílẹ̀. Ó yí lẹ́ẹ̀kan, ó yí lẹ́ẹ̀kejì, ó ṣí ẹnu, ó sì dojú dé. Mo sáré débẹ̀. Náílọ́ọ̀nù ló gbà wọ́n, ṣùgbọ́n bébà ti tú, yìnyín ti dà sáàárín wọn, àwọn ìwé pélébé mi ń lọ lórí omi lọ́kọ̀ọ̀kan bí ewé. Ẹran ti jáde kúrò nínú bọ́gà, ó lọ bá ẹyin nílé. Kílọ́ọ̀bù kan ti ní búrẹ́dì mẹ́rin. Sáńwíìṣì kan ò ní nǹkan kan nínú mọ́, búrẹ́dì àti búrẹ́dì ni wọ́n kàn dì mọ́ ara wọn bí ìbejì. Àwọn mìíràn ti di ohun tí n kò mọ orúkọ rẹ̀ títí dòní.

Ọlọ́kadà lóṣòó tì mí, ó yẹ̀ wọ́n wò. "Ọ̀gá, kò bàjẹ́ púpọ̀ o. Búrẹ́dì ṣì ni."

Ọlọ́run ló yọ ọkùnrin yẹn. Odò wà nítòsí.

Nígbà tí a dé oko, Bàbá Dúpẹ́ ti wà níbẹ̀. "Okun o," ó kí mi, bí a ti ń kíra wa lágbègbè wa. Mo dọ̀bálẹ̀, mo dáhùn, ṣùgbọ́n ojú mi ti pọ́n. Bàbá Àgbà jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ó fi ọ̀pá lé orúnkún, ó ń wo gbogbo wa. Àwọn ọ̀rẹ́ mi gbé ọkọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀. Èmi ńkọ́? Èmi wà lẹ́yìn ahéré, mo ń ṣa ẹran kúrò lára ẹyin. Mo ti pinnu pé kó tó di ìgbà oúnjẹ, ẹnì kọ̀ọ̀kan á ti padà sí ipò rẹ̀. Ibi tí mo ti ń tún wọn tò ni mo ti ń gbọ́ ohùn Ṣẹ́yẹ láti àárín oko.

"Ọkọ Dúpẹ́! Àbí àwa la fẹ́ gbé ìyàwó yìí ni? Ebè mi ti di mọ́kànlá o!"

"Mo ń bọ̀!"

"Kí lo ń ṣe níbẹ̀ ná?"

"Mo ń to oúnjẹ!"

"Búrẹ́dì wo ló nílò kí a tò ó fún odidi òwúrọ̀?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Mo rọra fi ọ̀bẹ sílẹ̀ kí n má baà gbé e jáde. Báyìí ni mo ṣe bá ara mi débi tí oòrùn fi wọ àárín ọ̀run: àwọn èèyàn ti kọ ọgọ́fà ebè, èmi ò kọ ẹyọ kan, ìbínú sì ti gbà mí dé ọ̀nà ọ̀fun. Díẹ̀ ló bọ̀ sípò nínú àwọn ohun tí mo tún tò. Mo gbé wọn sórí àwo pẹrẹsẹ méjì, mo fi yìnyín tó kù tọ́jú ìyókù sínú kúùlà, mo sì gbé àwo náà jáde.

Bàbá Àgbà dìde, ó ṣí fìlà. Gbogbo wa tẹrí ba. Dúpẹ́, tó bá wa pọn omi wá, dúró sí ẹ̀gbẹ́ bàbá rẹ̀. Bàbá Àgbà na ọwọ́, ó mú bọ́gà kan, èyí tó gún régé jù.

"Ọlọ́run àwọn bàbá wa," ó bẹ̀rẹ̀, "o ṣé tí o kó àwọn ọmọ yìí wá láyọ̀. Wo búrẹ́dì tí ọmọkùnrin yìí gbé wá."

Mo di eyín. Dúpẹ́ la ojú kan, ó fi wò mí. Mo mi orí sí i pé kò sí nǹkan kan.

"Bí búrẹ́dì yìí ti rọ̀, jẹ́ kí ayé rọ̀ ọ́ lọ́rùn."

Mo gbé itọ́ mì.

"Bí búrẹ́dì yìí ti bo ẹyin inú rẹ̀ mọ́lẹ̀..."

Ẹyin! Ẹyin wo ló ń wá kiri nínú bọ́gà? Mo gbọ́ ohùn ẹnì kan tó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹran ni." Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé ohùn mi ni.

Gbogbo èèyàn la ojú. Bàbá Àgbà ò la tirẹ̀. Ó ní, "Bó ti bo ẹran inú rẹ̀ mọ́lẹ̀, fi ọwọ́ rẹ bo ọmọ yìí. Má jẹ́ kí ìpápánu tó gbé wá..."

"Bọ́gà ni, sà," mo ní. Ẹnu mi ti já ìjánu. "Ẹ má bínú. Kì í ṣe ìpápánu. Búrẹ́dì rẹ̀ roboto, ẹran lílọ̀ ló wà nínú rẹ̀. Èyí tó ní ẹyin, tó wà níwájú yín yẹn, òun ni sáńwíìṣì. Wọn ò jọra rárá."

Bàbá Àgbà la ojú. Ó kọ́kọ́ la ọ̀kan, ó wá la èkejì.

"Ta ló ń gbàdúrà, èmi àbí ìwọ?"

"Ẹ̀yin ni, sà. Mo kàn fẹ́ kó péye ni."

"Kó péye." Ó yí bọ́gà náà síwá, ó yí i sẹ́yìn, ó dá a padà sórí àwo, ó dé fìlà rẹ̀. "Ó dáa. N kò lè fi ohun tí n kò mọ orúkọ rẹ̀ súre fún ènìyàn. Nígbà tí orúkọ rẹ̀ bá dá yín lójú, ẹ pè mí." Ó sì padà sábẹ́ máńgòrò rẹ̀.

Kò sí àmín.

Ọkùnrin mẹ́sàn-án tí wọ́n ti ń kọ ebè láti òwúrọ̀ yíjú sí mi. Mo gbà pé ẹni tó ní làákàyè á lọ dọ̀bálẹ̀ níbẹ̀ yẹn. Èmi kọ́. Ìbínú ti gbé mi gẹṣin. Ṣẹ́yẹ ní, "Lọ sọ fún bàbá pé búrẹ́dì ni, kí a jẹun." Mo ní n kò ní purọ́ níwájú Ọlọ́run nítorí ebi. Mo já ewé méjì, mo fi erùpẹ̀ sáàárín wọn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ wọn: "Ẹ wò ó, èyí ni sáńwíìṣì. Bí mo bá wá fi ewé kẹta lé e..."

"Bí o bá fi ewé kẹta lé e, màá fi ọkọ́ lé ọ," Ṣẹ́yẹ ní.

Ẹnì kan na ọwọ́ sí àwo. Bàbá Dúpẹ́ kàn wúkọ́ ni, ọwọ́ náà padà sílé. Àwọn èèrà nìkan ni kò dúró de àmín. Wọ́n tò gbọọrọ, wọ́n gun àwo, wọn ò sì béèrè orúkọ kankan.

"Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́," Ṣẹ́yẹ ní. Ó fi ọkọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó wá òjìji, ó dùbúlẹ̀. Àwọn yòókù tẹ̀lé e. Bàbá Dúpẹ́ gbójú sókè, níbi tí ojú ọ̀run ti ń dúdú bọ̀ láti ọ̀ọ́kán. "Ọgọ́fà ló wà nílẹ̀," ó ní. "Igba ni mo sọ." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Dúpẹ́ ò pariwo rárá. Ó gbé ike omi rẹ̀, ó sún mọ́ mi, ó ní, "Ọjọ́ kan péré ni mo bẹ̀ ọ́," ó sì gba ọ̀nà ilé lọ.

Ẹ ò mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe gún mi tó. Ṣùgbọ́n dípò kó rọ̀ mí, ńṣe ló tún ko iná mọ́ ọn. Mo gbé ọkọ́ Ṣẹ́yẹ, mo ní, "Kí gbogbo yín sùn! Èmi nìkan á kọ ọ́!" Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kó erùpẹ̀ jọ bí ẹni ń sin ọ̀tá. Mo kọ ọ̀kan nítorí ọlọ́kadà. Mo kọ òmíràn nítorí ìyá tó ka pátákó mi tán tó ní búrẹ́dì ẹlẹ́yin. Àtẹ́lẹwọ́ mi lé ròrò. Nígbà tí mo fi máa kọ ìkọkànlá, mo rí ọ̀pá kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi. Bàbá Àgbà ni.

"Kí nìwọ̀nyí?"

"Ebè ni, sà."

"Ebè kọ́." Ó fi ọ̀pá kan ọ̀kan, ó wó yẹ́ẹ́. "Òkìtì ni. Ebè ní èjìká, ó sì ní orí tí a ó fi koríko dé. Èyí tí a kàn kó jọ, tí kò lórí tí kò léjìká, òkìtì la ń pè é. Ewúrẹ́ ló ń jókòó lé e." Ó bọ́ sí èkejì. "Èyí ńkọ́?"

"Òkìtì ni, sà," mo ní, mo ń fi eyín sọ ọ́.

"Rárá o. Èyí gùn jù. Ibojì ni. Ta lo sin síbẹ̀?"

Mo gbọ́ ẹ̀rín Ṣẹ́yẹ láti abẹ́ òjìji. Ìbínú mi bá bú jáde.

"Bàbá, erùpẹ̀ náà ni gbogbo rẹ̀! Ebè o, òkìtì o, kí ló yàtọ̀? Ṣé iṣu ò ní ta nínú rẹ̀ ni?"

Ọ̀rọ̀ yẹn jáde tán, etí mi sì gbọ́ ọ. Bàbá Àgbà fi ọwọ́ méjèèjì lé orí ọ̀pá rẹ̀.

"Háà," ó ní. "Erùpẹ̀ náà ni gbogbo rẹ̀."

Ọkọ́ kàn wà lọ́wọ́ mi. Ó gbà á, ó tẹ̀ ba, ó sì kọ ebè kan níṣojú mi, tòun ti ọjọ́ orí rẹ̀. Kò yára. Ó kó erùpẹ̀ láti ọ̀tún, ó kó o láti òsì, ó gbá èjìká rẹ̀ kó dúró, ó tẹ́ orí rẹ̀. Mo wò ó dáadáa. Ó yàtọ̀. Ẹ gbà mí gbọ́, ó yàtọ̀ sí tèmi bí bọ́gà ti yàtọ̀ sí sáńwíìṣì.

"Nígbà tí bàbá ìyàwó mi pe ebè mi ní òkìtì," ó ní, bó ti ń dìde tó di ìbàdí mú, "mo bá a ṣe àríyànjiyàn. Odidi ọdún kan ni kò fi fún mi níyàwó. N kò fẹ́ kí tìrẹ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ebi ń pa mí."

Mo dọ̀bálẹ̀ sórí ibojì tí mo kó jọ fúnra mi.

Ibẹ̀ ni mo wà nígbà tí Ìyá Dúpẹ́ dé, Dúpẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ru abọ́ ńlá méjì. Iyán ni, ó ń rú èéfín. Mo béèrè ìgbà tí Màmá rí àyè gún un. Ó ní, "Ọjọ́ tí mo gbọ́ kílọ́ọ̀bù ni mo ti ṣa iṣu mi sílẹ̀." Àwọn ọ̀rẹ́ mi dìde kíákíá bí ẹni tí agogo ilé ìwé lù fún. Ṣùgbọ́n Bàbá Àgbà gbé ọ̀pá sókè.

"Ẹni tó mọ orúkọ nǹkan ni kó gbàdúrà lónìí," ó ní, ó sì nawọ́ sí mi.

Mo dúró. Mo mú òkèlè iyán lọ́wọ́ ọ̀tún, mo na ọwọ́ òsì sínú kúùlà, mo mú èyí tó kọ́kọ́ bá ọwọ́ mi. Mo wò ó. Búrẹ́dì roboto ló wà lókè, búrẹ́dì pẹlẹbẹ ló wà nísàlẹ̀, ẹran àti ẹyin jókòó pọ̀ láàárín. Kò sí orúkọ rẹ̀ lára ògiri mi, kò sí i lórí fóònù, kò sí i níbì kankan.

"Ọlọ́run," mo ní, "a dúpẹ́ fún iyán tí Màmá gún. A sì dúpẹ́ fún..." Ṣẹ́yẹ ti fi ọwọ́ bo ẹnu. "...fún búrẹ́dì yìí."

"Àmín!" Àwọn ẹyẹ tó wà lórí máńgòrò fò lọ.

Wọ́n jẹ iyán. Wọ́n jẹ ohun tó wà nínú kúùlà pẹ̀lú. Èyí tó wà lórí àwo la kó fún àwọn èèrà tó ti gbà á. Lẹ́yìn náà, gbogbo wa gbé ọkọ́. A wó àwọn òkìtì mi, a tún wọn kọ, a sì parí igba ebè nígbà tí òjò àkọ́kọ́ ń kán sí wa lẹ́yìn. Bàbá Àgbà fi ọ̀pá ka wọn láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Ó ní ó dára. Bàbá Dúpẹ́ mí kanlẹ̀, èmi náà mí.

Nígbà tí mo ń kí i pé ó dàbọ̀, Bàbá Àgbà fi ìka pè mí sún mọ́ ọn.

"Bọ́gà yẹn dùn ju sáńwíìṣì lọ," ó sọ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Èyí tí búrẹ́dì rẹ̀ roboto. Àbí mo ṣì í?"

Ẹnu mi ò lè padé. "Ẹ ò ṣì í, sà. Ta ló sọ ọ́ fún yín?"

"Dúpẹ́ ti kọ́ mi láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹyin sì wà nínú èyí tí mo mú lọ́wọ́ o, mo fojú ara mi rí i." Ó dé fìlà mọ́lẹ̀ nítorí òjò. "Ọlọ́run tí mo ń bá sọ̀rọ̀ ti rí inú kúùlà rẹ kí n tó la ẹnu. N kò dìde láti ṣàlàyé búrẹ́dì fún un. Ìwọ ni mo ń ṣàlàyé fún un, ìwọ lo sì já a gbà mọ́ mi lẹ́nu."

Ohun tí mo kọ́ nìyẹn, ó sì ná mi ní àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì: ẹni tí wọ́n ń súre fún kì í kọ́ ẹni tó ń súre. Kó jẹ́ kí àmín dé ná.

Dúpẹ́ ti di ìyàwó mi. Pátákó mi ṣì wà lára ògiri, ṣùgbọ́n Dúpẹ́ ti fi ẹfun kọ ohun kan sí ìsàlẹ̀ rẹ̀: "Gbogbo rẹ̀, búrẹ́dì náà ni." Mo ti nù ún kúrò lẹ́ẹ̀mẹrin, ó ń tún un kọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin kan dúró níwájú gíláàsì, ó na ìka sí ṣàwámà, ṣàwámà tí a ká bí ẹní, ó ní kí n fún òun ní búrẹ́dì gígùn yẹn. Mo rẹ́rìn-ín sí i. Mo pọ́n ọn fún un. Mo ní kó máa gbádùn rẹ̀. Nígbà tó lọ tán, mo ṣí fíríìjì, mo ki orí bọ inú rẹ̀, mo sì pariwo orúkọ náà lẹ́ẹ̀mẹta. Nígbà tí mo yọ orí jáde, Dúpẹ́ dúró lẹ́yìn mi. Ó wò mí, ó kàn ní, "Àmín." Kí ni mo tún fẹ́ ṣe? Mo rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ń bí mi.